Kọ̀ntírólà DJ: èwo ló bá òde tí ẹ ń lọ àti owó ọwọ́ yín mu?

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kọ̀ntírólà wo ni kí òun rà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò kó tó wo ojú rẹ̀. Iwájú ni bọ́tìnì aláwọ̀ oríṣiríṣi wà, iwájú ni iná ti ń tàn, iwájú náà ni àwọn tó ń tà á máa ń yà ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ohùn ti ń jáde lọ sí sípíkà, ẹ̀yìn ni iná ti ń wọlé, ibẹ̀ náà sì ni ihò máìkì sábà máa ń wà. Yálà òde ìnáwó ní Òṣogbo lẹ ti ń ṣeré ni o, tàbí ní Ìbàdàn, tàbí nínú gbọ̀ngàn tí àwọn èèyàn wa ń gbà fún àríyá ní Peckham ní London, ohun tó wà lẹ́yìn yẹn ló máa pinnu bóyá ẹ ó ṣeré parí láìsí wàhálà.

Mi ò ní pe iye owó ní náírà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́, iye tí wọ́n pè ní Alaba lónìí lè máà jẹ́ iye tí wọn yóò pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Iye dọ́là tí ilé iṣẹ́ fi kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ jáde ni mo máa lò, kí ẹ lè mọ èwo ló ju èwo lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á gan-an ni kí ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà, kí ẹ sì ro owó ẹrù àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́ ọn.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: orin wà nínú láptọ́ọ̀pù tàbí fóònù, sọ́fítíwíà bíi Serato, rekordbox tàbí VirtualDJ ló ń lù ú, kọ̀ntírólà sì ni ọwọ́ tí ẹ fi ń darí sọ́fítíwíà náà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ntírólà tún ní káàdì ohùn nínú. Káàdì yìí ló ń pín ohùn sọ́nà méjì: ọ̀kan ń lọ sí sípíkà, èkejì ń lọ sí etí yín nìkan kí ẹ lè gbọ́ orin tó kàn kí òde tó gbọ́ ọ. Orí ìpín yìí ni iṣẹ́ DJ dúró lé, òun náà ló sì kọ́kọ́ ya àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

DDJ-200 àti Inpulse 200: fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀

Ọdún 2019 ni Pioneer DJ gbé DDJ-200 jáde ní 149 dọ́là. Ó fúyẹ́, ó ń fi Bluetooth bá fóònù ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ sì jọ ti àwọn ẹ̀rọ ńlá. Ẹ wá yí i padà. Kò sí ihò kankan tí ẹ lè ki wáyà sípíkà bọ̀, kò sí ti hẹ́ẹ̀dìfóònù, nítorí kò ní káàdì ohùn rárá. Inú fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù yín ni ohùn ti máa jáde, wáyà kékeré kan tó ya ní ìdí sì ni wọ́n fi sínú páálí rẹ̀ láti pín ohùn kan ṣoṣo yẹn sí méjì: apá kan sí sípíkà, apá kejì sí etí. Ó tó fi kọ́ṣẹ́ nínú yàrá. Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti sanwó fún yín.

Inpulse 200 ti Hercules, ilé iṣẹ́ àwọn ará Faransé, rọjú jù ú lọ: nǹkan bí 100 dọ́là. Kò lẹ́wà tó èkejì, kò sì ní ihò máìkì, ṣùgbọ́n ó ní káàdì ohùn tirẹ̀. Hẹ́ẹ̀dìfóònù ní ihò tirẹ̀, sípíkà ní tirẹ̀. Tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín bá sọ lójijì pé kí ẹ wá bá òun ṣeré níbi ìkómọ, ẹ lè gbé e lọ kí ẹ sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tí owó rẹ̀ bá fi díẹ̀ lé e lè mú Inpulse 300, èyí tó ní iná kékeré tó ń tọ́ka fún yín bóyá kí ẹ mú orin yára sí i tàbí kí ẹ dẹ ẹ́, kí ìlù méjèèjì lè dọ́gba. Ó dára púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kí etí òun mọ́ iṣẹ́ náà. Nínú DDJ-200 àti Inpulse 200, Hercules ni mo fi ọwọ́ sí.

DDJ-FLX4 àti Mixtrack Pro FX

Ìpele yìí ni mo máa ń rọ àwọn èèyàn láti gbìyànjú dé, kódà kó gba kí wọ́n fi oṣù díẹ̀ tójú owó. DDJ-FLX4 ti Pioneer DJ ló rọ́pò DDJ-400 tí ọ̀pọ̀ DJ fi kọ́ṣẹ́ láti ọdún 2018. Nǹkan bí 300 dọ́là ni. Mixtrack Pro FX ti Numark jáde lọ́dún 2020, ó sì sábà máa ń rọjú jù ú lọ díẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: ihò wáyà pupa àti funfun tí a ń pè ní RCA, ihò máìkì kan, ihò USB tó ń fa iná láti ara láptọ́ọ̀pù. Ojú wọn ni wọ́n ti yàtọ̀.

FLX4 ń ṣí rekordbox sílẹ̀ láìsan owó oṣooṣù, ó tún ń bá Serato DJ Lite ṣiṣẹ́, ó sì ń bá fóònù lò. Bí wọ́n ṣe to bọ́tìnì rẹ̀ jọ ti àwọn CDJ, ẹ̀rọ ńlá tí DJ fi ń lu orin ní kílọ́ọ̀bù, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín sí Lekki tàbí Victoria Island, ọwọ́ yín á ti mọ ibi tí ó ń lọ. Wọ́n tún fi Smart Fader sí i: bí ẹ ṣe ń ti fédà (ọ̀pá kékeré tí a ń tì lọ tì bọ̀) láti orin kan sí èkejì, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń dín báàsì kù, ó ń tún ìyára ṣe, ó ń so orin méjèèjì pọ̀.

Ti Mixtrack, jog rẹ̀, àwo rìbìtì tí ẹ ń fi ọwọ́ yí, fẹ̀ tó ínṣì mẹ́fà, fédà tí a fi ń yí ìyára orin padà sì gùn tó 100 mìlímítà. Ti FLX4 kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú ẹni tó ń lu orin ayé òde òní nìkan, kò sí ohun tó kàn án nínú gígùn fédà. Fún àwa tí wọ́n ń pè sí òde àwọn àgbà, ó kàn wá gidigidi.

Orin Afrobeats àti amapiano, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti to ìlù wọn, ìlù náà kì í yẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìlù 112 láàárín ìṣẹ́jú kan, ní 112 ló máa parí. Ẹ tẹ sync, bọ́tìnì tó ń mú ìyára orin méjèèjì dọ́gba fúnra rẹ̀, iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n ẹ fi fújì Àyìndé Barrister sí i, tàbí jùjú Ebenezer Obey. Èèyàn ló lu ìlù yẹn. Bí ara ṣe ń gbóná ni ìlù ń yára, ó sì ń rọlẹ̀ nígbà tí olórin bá fẹ́ ki ẹnì kan. Sọ́fítíwíà sábà máa ń ka ìyára kan ṣoṣo lé gbogbo orin náà lórí, á fa ìlà sórí rẹ̀, ìlà ọ̀hún á sì ti kúrò lórí ìlù kí orin tó dé ìdajì. Tí ẹ bá tẹ sync níbẹ̀, ìlù méjèèjì á máa tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀, gbogbo ẹni tó ń jó á sì mọ̀. Smart Fader kò lè gbà yín níbẹ̀, nítorí ìlà kan náà yẹn ló ń tẹ̀ lé.

Ọwọ́ àti etí ló kù. Ẹ fi hẹ́ẹ̀dìfóònù sí etí kan, ẹ fi etí kejì sílẹ̀ fún sípíkà. Ẹ tẹ́tí sí ìyá ìlù orin tó ń bọ̀. Tó bá ń rọ́ sẹ́yìn, ẹ fi ìka méjì ti etí jog síwájú díẹ̀, kí ẹ sún fédà ìyára díẹ̀, kí ẹ tún tẹ́tí. Lórí fédà gígùn, bí ẹ ṣe sún un díẹ̀ náà ni ìyára ṣe ń yí díẹ̀. Lórí èyí tó kúrú, ẹ lè fẹ́ ìdá kan kí ẹ bá ara yín níbi ìdá méjì. Jog tó fẹ̀ ń fún ọwọ́ láyè bákan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún DJ tó bá ń lu fújì àti jùjú ju ìdajì òde lọ pé kó mú Mixtrack Pro FX, kó má sì jẹ́ kí orúkọ Pioneer dí òun lójú.

Ohun kan wà tí àwọn méjèèjì ṣe dáadáa fún orin àtijọ́. Àwo jùjú ayé ìgbà yẹn sábà máa ń jẹ́ orin kan gbọọrọ tó gba gbogbo ojú àwo kan. Ẹ ò lè dúró títí kó fi dé ibi tí gángan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ìgbà tí olówó òde ti dìde. Àwọn bọ́tìnì hot cue tó wà lábẹ́ jog ni ẹ máa fi sàmì síbẹ̀ nílé: ibi tí gìtá ti wọlé, ibi tí ìlù ti bú, ibi tí wọ́n ti ń ki èèyàn. Lọ́jọ́ òde, ẹ kàn tẹ bọ́tìnì ni.

Fún gbogbo àwọn tó kù, FLX4 ni. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ tà á kí ẹ ra ńlá, kì í pẹ́ lọ́wọ́.

Wáyà

Lábẹ́ kánópì, tábìlì DJ lè wà ní ìpẹ̀kun kan kí áńpù àti míkísà onísáúǹdì wà ní ìpẹ̀kun kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn eléré. Wáyà RCA kò dára fún irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Tó bá ti kọjá mítà mélòó kan, tó sì bá wáyà jẹnẹrétọ̀ rìn pọ̀ nílẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ariwo "hùùùù" lábẹ́ orin. Wáyà XLR, èyí tó ní irin mẹ́ta lẹ́nu, ní ọgbọ́n tó fi ń bọ́ lọ́wọ́ ariwo yìí. Ó ń gbé ohùn kan náà lórí wáyà méjì, ọ̀kan jẹ́ òdìkejì ìkejì. Ariwo tó bá wọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà, bákan náà ló ṣe ń wọ méjèèjì. Tó bá dé ìdí míkísà, wọ́n á yí ọ̀kan padà: ohùn á pa pọ̀, ariwo á pa ara rẹ̀.

Ibi tí wíwo ẹ̀yìn ti ń gba èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó òfò nìyí. DDJ-FLX6 tó jáde lọ́dún 2021 ní ojú ńlá, jog ńlá, ìlà orin mẹ́rin (orin mẹ́rin ni ẹ lè lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan). Ẹni tó bá rí i á rò pé ẹ̀rọ òde ni. Yí i padà, RCA nìkan ni ohùn ń gbà jáde, gẹ́gẹ́ bíi ti FLX4 tó kéré sí i púpọ̀ lówó. Ẹni tó fẹ́ràn jog ńlá lè rà á, kò burú, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ojú lòún sanwó fún.

DDJ-800 ti ọdún 2019 kò ní ju ìlà orin méjì lọ, síbẹ̀ òun ni mo máa fi rọ́pò FLX6 láìronú lẹ́ẹ̀mejì. XLR wà lẹ́yìn rẹ̀, ihò máìkì méjì wà, ihò booth sì wà. Booth ni ohùn tó ń lọ sí sípíkà tó kọjú sí DJ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnì ìgbóhùnsókè tirẹ̀. Nígbà tí sípíkà òde bá jìnnà tí ohùn rẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó dé etí yín, booth ló máa jẹ́ kí ẹ lè so ìlù pọ̀. Ti máìkì méjì, ẹ mọ bí alága ìdúró àti alága ìjókòó ṣe máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Tí onísáúǹdì bá ní míkísà tirẹ̀ fún máìkì, ẹ lè gbàgbé èyí; níbi òde kékeré tí ẹ̀yin nìkan jẹ́ onísáúǹdì, ẹ kò lè gbàgbé rẹ̀. DDJ-1000 ti ọdún 2018 ní gbogbo ohun tí mo kà yìí, jog rẹ̀ tóbi ju ti 800 lọ, ìlà orin rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, ó sì ní ihò USB méjì tí DJ méjì fi lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láìdá orin dúró. Wọn ò ṣe àwọn méjèèjì mọ́, tòkunbọ̀ ni ẹ ó máa rí.

Kí ẹ tó tìtorí wáyà nìkan ta FLX4 yín, ẹ wo DI box ná. Àpótí kékeré kan ni, ó ń gba ohùn láti ẹnu RCA, ó sì ń gbé e jáde bíi XLR. Méjì lẹ nílò, ọ̀kan fún apá òsì, ọ̀kan fún apá ọ̀tún, tàbí oníhò méjì kan. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ntírólà tuntun.

Iná

Kọ̀ntírólà kékeré tó ń fa iná láti ara láptọ́ọ̀pù ní àǹfààní kan tí àwọn òyìnbó tó ń kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà kì í mẹ́nu bà. Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín òde, bátìrì láptọ́ọ̀pù yín ṣì ń gbé kọ̀ntírólà dúró. Sípíkà dákẹ́, orin ṣì ń lọ nínú. Ẹ yára fa fédà òde wálẹ̀, ẹ dúró kí jẹnẹrétọ̀ gbé iná, kí ẹ wá rọra gbé e sókè. Kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ńlá, DDJ-800, DDJ-1000, DDJ-FLX10, ádáptà ni wọ́n ń lò. Bí iná bá ṣẹ́jú báyìí, kọ̀ntírólà ti kú. Láptọ́ọ̀pù á rí i pé káàdì ohùn ti pòórá, sọ́fítíwíà á dá dúró, nígbà tí iná bá sì dé ẹ ó dúró kí wọ́n tún mọ ara wọn. Ìyẹn tó láti mú kí ìyàwó dúró láìjó láàárín agbo. Nítorí náà, ẹni tó bá ra ẹ̀rọ aládáptà ní Nàìjíríà, kó ra UPS kékeré, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró tí iná bá lọ, mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Mo ka UPS mọ́ iye owó ẹ̀rọ náà, mi ò kà á sí ohun tí èèyàn ń rà tó bá yá.

Fún àwọn tó ń lo ti láptọ́ọ̀pù, ẹ ki wáyà USB bọ ara láptọ́ọ̀pù tààrà. Àwọn hub (ohun tó ń pín ihò USB kan sí púpọ̀) olówó kékeré tí wọ́n ń tà ní Computer Village kì í sábà gbé iná tó kọ̀ntírólà.

Tí ẹ kò bá fẹ́ láptọ́ọ̀pù rárá

Prime Go ti Denon DJ, tó jáde lọ́dún 2020, ní bátìrì nínú. Ilé iṣẹ́ náà ní ó lè lo wákàtí mẹ́rin. XLR wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ínṣì méje sì wà tí ẹ fi ń yan orin láti inú fláàṣì. Fún ìsìnkú ní abúlé, níbi tí a kò ti mọ ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ máa wolẹ̀, n kò tíì rí èyí tó bá iṣẹ́ mu jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jog rẹ̀ kéré fún iṣẹ́ fújì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Omnis-Duo ti AlphaTheta náà ní bátìrì. Ọdún 2024 ló jáde. AlphaTheta ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ Pioneer DJ ń jẹ́ láti ọdún 2020, ẹ má rò pé ayédèrú ni tí ẹ bá rí i lára ẹ̀rọ.

XDJ-RX3, tó jáde lọ́dún 2021 ní 1,999 dọ́là, ni ti ẹni tó ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Ojú rẹ̀ fẹ̀ ju ínṣì mẹ́wàá lọ, jog rẹ̀ tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ pé. Kò ní bátìrì. Ó tún dára kí ẹ to orin yín sínú rekordbox nílé kí ẹ tó kó o sínú fláàṣì. Kí ẹ mú fláàṣì méjì tí ohun kan náà wà nínú wọn lọ.

Ibi tí láptọ́ọ̀pù ti ṣì ju gbogbo wọn lọ ni wíwá orin. Màmá kan á wá bá yín pé orin Ìjẹ̀bú kan wà tí àwọn fi jó níbi ìgbéyàwó òun. Ẹ tẹ lẹ́tà mẹ́ta lórí kíbọ́ọ̀dù, ó ti jáde. Lórí ojú kékeré tí a ń fi ìka tẹ̀, ó ń pẹ́.

Sọ́fítíwíà, kí ẹ tó sanwó

DDJ-1000 ń ṣí rekordbox. DDJ-1000SRT, tó jọ ọ́ bí ìbejì, Serato DJ Pro ló ń ṣí. Ẹ ka lẹ́tà mẹ́ta yẹn lára rẹ̀ kí ẹ tó nawọ́ owó. DDJ-FLX10 ti ọdún 2023 ń ṣí méjèèjì, ó sì ní ihò tó ń darí àwọn iná aláwọ̀ tó ń tàn lóde ijó, ṣùgbọ́n 1,599 dọ́là ni wọ́n fi gbé e jáde. Serato DJ Lite tó ń bá àwọn kékeré wá kì í gba eré yín sílẹ̀. Pro tí a ń sanwó fún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. VirtualDJ ń bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo kọ̀ntírólà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ owó àṣẹ tí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ntírólà lò ó. Mixxx jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Mo rọ̀ yín kí ẹ sá fún sọ́fítíwíà olówó tí wọ́n fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àárín òde ló máa ń kú.

Tòkunbọ̀

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù àti hẹ́ẹ̀dìfóònù tiyín lọ sí Alaba. Ẹ fi orin sí i, kí ẹ ti gbogbo fédà lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀: tó bá ń ta "kà-kà-kà", eruku tàbí ọtí ti wọ ibẹ̀. Ẹ gbé fédà àárín lọ sí òpin apá kan, kí ẹ gbọ́ bóyá orin apá kejì ṣì ń jò wọlé. Ẹ fọwọ́ ba orí jog láì yí i, kó dá orin dúró. Ẹ tẹ bọ́tìnì hot cue níkọ̀ọ̀kan. Ẹ mi wáyà USB lẹ́nu ihò rẹ̀; tí iná ojú ẹ̀rọ bá ṣẹ́jú, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbọ́ apá òsì àti apá ọ̀tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú gbogbo ihò tó wà lẹ́yìn, títí kan ti máìkì.

Níkẹyìn, ẹ ka ara ádáptà. Tí wọ́n bá kọ 100-240V sí i, ẹ lè ki i bọ iná wa. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, láti Amẹ́ríkà ló ti wá, á jó níbí. Tí ẹni tó ń tà á bá sì ní ádáptà rẹ̀ ti sọnù, ẹ wo iye fóòltì, iye áḿpù àti àmì ẹnu wáyà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà gan-an kí ẹ tó ra òmíràn, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tó pè.